Kọ̀ǹpútà Ládiípọ̀ àti Orúkọ Gbénró

Kòríkòsùn ni Ládiípọ̀ àti Gbénró ní Aráròmí-Odò. Ẹni tó bá ń wá ọ̀kan, ọ̀dọ̀ èkejì ló máa ń yà sí. Ládiípọ̀ ń ta símẹ́ńtì àti irin ìkọ́lé nínú ṣọ́ọ̀bù tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Gbénró jẹ́ olùkọ́ ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìlú náà, òun sì ni ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀, opó tó ń ránṣọ, bí. Ohun tó so àwọn méjèèjì pọ̀ ju ohun gbogbo lọ ni géèmù orí kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, yàrá Ládiípọ̀ ni wọ́n ń forí lé. Wọn a máa fi mọ́tò inú géèmù sá eré ìje, wọn a máa bú ara wọn, wọn a máa rẹ́rìn-ín. Àwọn ará àdúgbò a ní àgbà ń ṣe bí ọmọdé, àwọn méjèèjì kì í sì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò lè gbé àwọn géèmù tuntun mọ́, wọ́n pinnu láti ní èyí tó lágbára. Owó Ládiípọ̀ ni, ọwọ́ Gbénró ni. Gbénró ló yan gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, òun ló sì tò ó pọ̀ lórí tábìlì ìyá rẹ̀, láàárín òwú àti àjákù aṣọ. Ohun tó wọ́n jù nínú rẹ̀ ni káàdì àwòrán, pátákó dúdú kan tó nípọn, tó ní fáànù mẹ́ta lára. Káàdì yìí ló ń ya àwòrán tí ojú ń rí. Bó bá ń yàwòrán kíákíá, mọ́tò inú géèmù á máa lọ geerege. Bó bá ń falẹ̀, mọ́tò á máa dúró, á máa lọ, bí ẹni tí èémí ń gé. Ti kọ̀ǹpútà wọn kì í falẹ̀ rárá. Àwọn ọ̀dọ́ a máa wá láti ìgboro wá wò ó.

Iná Aráròmí-Odò kò ṣeé gbára lé, ìyẹn kì í ṣe ìròyìn. Ládiípọ̀ ní ìnfátà, ẹ̀rọ tó ń fi bátìrì gbé iná dúró nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ ti ń gbó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ku díẹ̀ kó gba ipò kìíní nínú ìdíje kan, wọ́n mú iná lọ, ìnfátà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ládiípọ̀ yára wọ inú ètò kọ̀ǹpútà náà, ó pàṣẹ fún un pé kó má jẹ iná ju ìdajì lọ. Ohun tí gbogbo wa ń ṣe nìyẹn: bí iná bá fẹ́ tán, à ń pa fáànù, à ń pa fíríìjì, kí ìwọ̀nba tó kù lè gbé wa dé ibi tí à ń lọ. Ẹ̀rọ náà falẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé e dé ìparí eré. Ní ọjọ́ kejì, Ládiípọ̀ lọ sí Ìbàdàn lọ ra ọjà, kò sì rántí dá ètò náà padà sí bó ṣe wà. Mo tètè ń sọ èyí kí ẹ̀yin náà má baà máa wá olè kiri bí òun ṣe wá a.

Gbénró ló fi kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ sílẹ̀ fún. Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà náà, eruku sì ń wọ ibi gbogbo. Gbénró lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, ó ṣí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà náà, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku kúrò lára àwọn fáànù rẹ̀, ó sì tún un dè. Kò sí iná lọ́jọ́ náà, nítorí náà kò tàn án wò. Ó tilẹ̀kùn, ó lọ, inú rẹ̀ sì dùn pé òun ṣe ọ̀rẹ́ òun lóore.

Ládiípọ̀ dé, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, mọ́tò kò sì lọ. Ó ń dúró, ó ń lọ, ó ń dúró. Ó pa ẹ̀rọ náà, ó tún un tàn. Ó yọ géèmù náà kúrò, ó tún un gbé sí i. Ó pààrọ̀ wáyà, ó pààrọ̀ sítábíláísà, ó tilẹ̀ gbé fáànù ilé kọjú sí i bóyá ooru ló ń mú un. Kò sí èyí tó ràn án. Nígbà náà ló ṣàkíyèsí pé inú kọ̀ǹpútà náà mọ́ ju bó ṣe fi í sílẹ̀ lọ, ó sì mọ̀ pé ẹnì kan ti tú u. Oníbàárà rẹ̀ kan tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà sọ fún un pé, ní ìlú ńlá, wọ́n máa ń yọ káàdì gidi, wọn a sì fi ayédèrú rọ́pò rẹ̀. Ládiípọ̀ ronú kan Gbénró. Ó ronú kan aṣọ tuntun àti àpótí tí Gbénró ti ń rà jọ nítorí ìyàwó tó fẹ́ fẹ́. Èèyàn kì í pẹ́ rí ohun tó bá ń wá lára ẹni tó bá ti ń fura sí.

Gbénró wọlé nírọ̀lẹ́ bó ṣe máa ń wọlé. "Ládì, báwo ni Ìbàdàn? Ṣé o rí i bí mo ṣe gbá eruku inú ẹ̀rọ wa?"

Ládiípọ̀ tan eré ìje, ó ní kó wò ó.

"Ó mà ń falẹ̀ o," ni Gbénró wí. "Kí ló ṣe é?"

"Ìwọ ni mo fẹ́ bi. Ìwọ lo tú u."

"Eruku ni mo gbá. Dìde, jẹ́ kí n jókòó síbẹ̀, kí n wo ètò rẹ̀ látòkè délẹ̀."

"O ò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Káàdì àwòrán tí mo rà dà?"

Gbénró rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ̀rín náà kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ó nawọ́ sí ara ẹ̀rọ náà. "Òun ló wà níbẹ̀ yẹn. Orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀."

"Ayédèrú náà máa ń ní orúkọ lára."

"Ládì, ṣé olè lò ń pè mí?"

"Èmi ò pè ọ́ lólè. Mo ní kí o dá nǹkan mi padà fún mi."

Gbénró fi kọ́kọ́rọ́ yàrá sórí tábìlì, ó sì jáde. Bí Ládiípọ̀ bá jẹ́ kó jókòó sídìí ẹ̀rọ náà ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti tán lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó lè tún un ṣe gan-an ló lé kúrò nídìí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, Ládiípọ̀ ra káàdì mìíràn láti ọ̀nà jíjìn, ó fi í sínú ẹ̀rọ náà, òun náà sì falẹ̀. Ládiípọ̀ ní olè ni ẹni tó tà á fún òun pẹ̀lú. Títí di àsìkò yìí, kò wá sí i lọ́kàn láti béèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe.

Wàyí o, Ìbídùn ni orúkọ ọmọbìnrin tí Gbénró fẹ́ fẹ́, ará Òkè-Ìrókò ni. Ẹ mọ̀ bí àwa ṣe ń ṣe é: kí àwọn òbí tó gba ẹnikẹ́ni láyè láti wá tọrọ ọmọ wọn, wọ́n á ṣèwádìí. Wọ́n á béèrè bóyá wèrè wà nínú ìdílé náà, bóyá wárápá wà níbẹ̀, bóyá ọwọ́ wọn mọ́. Kí ìjà tó ṣẹlẹ̀ ni Gbénró ti sọ fún Ìbídùn pé bí àwọn èèyàn rẹ̀ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí òun jẹ́, kí wọ́n lọ bi Ládiípọ̀, nítorí ó mọ inú òun, ó sì mọ òde òun. Kò lọ yí ọ̀rọ̀ náà padà lẹ́yìn ìjà. Ó gbà pé ìjà ọ̀rẹ́ ni, á tán.

Ìyá Túndùn, àbúrò bàbá Ìbídùn, ló wá. Ó bá Ládiípọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì fún un ní àga láàárín àwọn àpò símẹ́ńtì.

"Ọmọ mi," ló wí, "wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ Gbénró tó ọ nílùú yìí. Irú èèyàn wo ni?"

Ládiípọ̀ lè sọ pé àwọn ń jà lọ́wọ́lọ́wọ́. Ó lè ní kí wọ́n lọ bi ẹlòmíràn. Ó mọ̀ dáadáa pé orúkọ ọ̀rẹ́ òun ló wà ní àtẹ́lẹwọ́ òun yìí, inú sì ń bí i.

"Mà, bí mo bá dákẹ́, Ọlọ́run á bi mí," ló wí. "Ẹ má gbé ọmọ yín fún un. Ọwọ́ rẹ̀ ò mọ́."

"Báwo ni kò ṣe mọ́?"

"Olè ni, mà."

Ìyá Túndùn dìde, ó gbọn eruku símẹ́ńtì kúrò lára ìró rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ládiípọ̀, ó sì ṣàdúrà fún un pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọn olóòótọ́ bíi tirẹ̀ pọ̀ sí i. Ládiípọ̀ ṣe àmín. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Àwọn ará Òkè-Ìrókò kò sọ ìdí. Wọ́n kàn ránṣẹ́ pé ọmọ àwọn kò tíì ṣetán ilé ọkọ. Ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í jókòó sójú kan, kò sì pẹ́ tó fi wọ Aráròmí-Odò. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkẹ́rùsí lọ́wọ́ Gbénró, kò sọ ohun tó ṣe. Bí Gbénró bá wọ kíláàsì, àwọn ọmọ á máa kó bírò wọn sápò, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín. Ó fara dà á fún ìwọ̀n ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó tọrọ ìyípadà ibi iṣẹ́, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí apá Ṣakí, ó sì fi ìyá rẹ̀ nìkan sílẹ̀ nílé.

Ọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ yí po kí òtítọ́ tó jáde. Ọ̀sán ni. Ládiípọ̀ ń fi kọ̀ǹpútà náà wo bọ́ọ̀lù, nítorí kò wúlò fún géèmù mọ́, ni wọ́n bá mú iná lọ. Ìnfátà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó ní kí òun dín iná tí ẹ̀rọ náà ń jẹ kù kí bọ́ọ̀lù náà lè parí. Ó wọ inú ètò, ó dé ibẹ̀, ó sì rí i pé ó ti wà ní ìdajì. Bí òun fúnra rẹ̀ ṣe fi í sí ní ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò rẹ̀ sí Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì wà.

Ó dá a padà sí kíkún, ó tan eré ìje, mọ́tò náà sì lọ geerege títí bátìrì fi kú. Àga tí Gbénró máa ń jókòó sí ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ládiípọ̀ sunkún, ẹkún náà sì tọ́ sí i.

Òkè-Ìrókò ló kọ́kọ́ lọ. Ìyá Túndùn gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ó sì tẹjú mọ́ ọn.

"Lọ́jọ́sí, o ní olè ni," ló wí. "Lónìí, o ní kì í ṣe olè. Èwo ni kí n gbà? Ta ni mo fẹ́ bi nípa tìrẹ báyìí?"

"Èmi ni mo ṣì í, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn."

"Ta ni kí n sọ fún? Ìbídùn ti wà nílé ọkọ, ó ti lóyún. Máa lọ sílé, ọmọ mi." Lọ́tẹ̀ yìí, kò ṣàdúrà fún un.

Láti ibẹ̀, ó lọ bá Ìyá Gbénró ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìyá náà ń rán aṣọ ilé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ sì jókòó yí i ká. Ládiípọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí àjákù aṣọ.

"Mo wá bẹ̀bẹ̀, mà."

Ìyá kò ní kó dìde. "Ẹ̀rọ yẹn, kí ló padà ṣe é?"

"Kò sóhun tó ṣe é, mà. Èmi ni mo dín iná tó ń jẹ kù nígbà tí iná fẹ́ tán. Mo sì gbàgbé."

"Èyí tí o ní ọmọ mi jí ńkọ́?"

"Kò kúrò níbẹ̀ rí, mà."

Ìyá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. "Kí iná tó wọ ìlú yìí, abẹ́ àtùpà ni mo ti ń ránṣọ. Bí epo bá fẹ́ tán, mo máa ń rẹ iná rẹ̀ sílẹ̀. Yàrá á ṣókùnkùn, n ò ní rí ojú abẹ́rẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. N ò pe ẹnikẹ́ni lólè." Ó gbé aṣọ náà lélẹ̀. "Ìwọ lo rẹ àtùpà sílẹ̀, Ládiípọ̀. Ọmọ mi lo wá pè lólè epo."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀ tuntun. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́."

"Ó mọ̀ pé ọjọ́ kan lo máa wá," ni ìyá wí. "Ó ní kí n má fún ẹ." Ó gbé ẹsẹ̀ padà sórí ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì ń ránṣọ rẹ̀ lọ.

Gbénró kò padà wá sí Aráròmí-Odò mọ́. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ ló gbé ọ̀rọ̀ àtùpà náà jáde sí ìgboro, ẹnu sì gbà á. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò tilẹ̀ mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá a máa pa á lówe nínú ṣọ́ọ̀bù símẹ́ńtì lójú Ládiípọ̀, òun a sì máa wolẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ẹnì kan bá ń nàka sí ẹlòmíràn láì tíì wo ọwọ́ ara rẹ̀, tọmọdé tàgbà ìlú náà a ní: ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ rẹ àtùpà sílẹ̀, kó má pe ará ilé lólè epo.