Ìjókòó Keje Ìyá Àgbà

Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun igi, kò ní rí i. Gbogbo wa là ń pa òwe yìí, pàápàá nígbà tí ọmọ bá já wa ní koro. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Ẹ jókòó kí n sọ ọ́. Ẹ ò ní rí i ní ìdúró.

Adẹ́mu kan wà tó ń jẹ́ Ọdẹ́kúnlé. Ó ní kò sí ibi tí òun kò mọ̀ nínú igbó ìlú òun. “Ẹ dì mí lójú,” ni ó máa ń wí, “ẹ yí mi po lẹ́ẹ̀mẹta, mo máa mú yín dé ìdí omi àpáta kí itọ́ tí ẹ tu sílẹ̀ tó gbẹ!”

Ìyá ìyá rẹ̀, Ẹfúnpọróyè, gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Ó fẹ́ fi omi tó ń já látorí àpáta yẹn bọ́jú lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé ti kọ́kọ́ dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́. Ọjọ́ kejì ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ wá mú un lọ sí ọ̀nà jíjìn, kó lè máa bá wọn gbé. Bí kò bá débẹ̀ lónìí, ó di gbére.

Ọ̀nà náà kò gùn, ilẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́jú. Ṣùgbọ́n gbogbo òkúta tí ìyá bá rí ni ó ń jókòó lé.

“Ìyá àgbà, ìjókòó kẹfà rèé o! Ṣé òkúta lẹ wá kí nínú igbó ni?”

“Àlàó ọkọ mi, ó pẹ́ tí wọ́n ti rí mi gbẹ̀yìn. Mò ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ni.”

Kò pẹ́, wọ́n kan igi ńlá tó wó dí ọ̀nà. Ọdẹ́kúnlé ní kí wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ yí i ká. Wọ́n yí i ká títí, ọ̀nà bá pòórá! Ariwo omi ń bọ̀ níwájú, àpáta ń dá a padà lẹ́yìn. Èèyàn ò lè mọ èwo ni omi, èwo ni gbohùngbohùn.

Òógùn bo akọni wa. Ó fi igbà kọ́ ọ̀pẹ kan, ó gùn ún dókè, ó na ọrùn bí àkùkọ. Ewé ló rí. Ó yíjú sí apá kejì: ewé náà ni.

“Àlàó, kí lo rí?”

“Ewé ni, Ìyá àgbà.” Ohùn rẹ̀ ti fẹ́ di ẹkún. “Ẹ forí jì mí. Mo ti ba ọjọ́ yín jẹ́.”

Ìyá ti rí òkúta mìíràn, ó jókòó: ẹlẹ́ẹ̀keje. Bí ó ti jókòó, ojú rẹ̀ gba abẹ́ ewé kọjá, ó bá rí omi funfun tó ń já wálẹ̀, kò tó ogún ìṣísẹ̀ sí i. Ó tú gèlè rẹ̀.

“Sọ̀ kalẹ̀, ọkọ mi. Ó wà níbí.”

Ọdẹ́kúnlé pọ̀n ọ́n dé etí omi. Ìyá bọ́jú, ó pe orúkọ ọkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń jí i lójú oorun.

Bí òwe yìí ṣe gba ìlú kan nìyẹn. Àwọn àgbà máa ń pa á fún ọ̀dọ́ tó bá gbójú lé agbára ara rẹ̀, tí kò ka ìrírí àgbà sí. Ọdẹ́kúnlé fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ pa á, bí wọ́n ṣe ń bọ̀ wálé. Ó ní, “Ìyá àgbà, ọgbọ́n yín mà pọ̀ o! Kí lẹ rí tí ẹ fi mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ẹ jókòó sí?”

“Orúnkún ló ń dùn mí.”