Alágbẹ̀dẹ Tó Jẹ́rìí fún Ọ̀tá Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà ní orílẹ̀-èdè kan tó jìnnà sí ibí, níbi tí òkè pọ̀ sí, tí yìnyín máa ń bo ilẹ̀ fún ìdajì ọdún. Alágbẹ̀dẹ ni. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe ló ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà ayé ọba, àwọn ọlọ́rọ̀ díẹ̀ ló ni ilẹ̀, àwọn náà ló ni ilé iṣẹ́, àwọn tó kù sì ń sìn wọ́n bí ẹrú. Nígbà tó yá, ó sú àwọn òṣìṣẹ́ àti àgbẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n lé ọba lọ, wọ́n sì dá ìjọba kọ́múníìsì sílẹ̀. Ìjọba náà kéde pé ilẹ̀ àti ilé iṣẹ́ ti di ti gbogbo ènìyàn, pé kò ní sí olówó, kò sì ní sí tálákà mọ́. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ kan tí yóò máa darí ìlú. Alágbẹ̀dẹ yìí wà lára ìgbìmọ̀ náà, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin mọ̀ pé kì í purọ́.

Ọba tí wọ́n lé lọ kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ó lọ kó ọmọ ogun wá láti ilẹ̀ òkèèrè. Ẹni tó gba orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọ̀gágun àwọn òṣìṣẹ́. Akínkanjú ni ọ̀gágun yìí. Bó bá ń sọ̀rọ̀, ẹni tí àárẹ̀ ti mú á tún gbé ìbọn rẹ̀ kọ́ èjìká. Ṣùgbọ́n ó gbéraga, kì í sì gba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni.

Ní àkókò òtútù tí ogun náà gbóná jù, ọkọ̀ ojú irin kan ń gbé àlìkámà lọ sí ìlú alágbẹ̀dẹ. Ọ̀gágun dá a dúró lọ́nà, ó ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun òun. Alágbẹ̀dẹ sáré lọ bá a.

Ó ní, "Ọ̀gágun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìdajì sílẹ̀. Àwọn ọmọdé wà nílùú."

Ọ̀gágun kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. "Padà sídìí òòlù rẹ. Ogun kì í ṣe iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ."

Ebi dé. Àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ ń kú. Mílénà, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí alágbẹ̀dẹ àti ìyàwó rẹ̀ bí, wà lára wọn. Òtútù ti mú kí ilẹ̀ le bí òkúta, irin tí alágbẹ̀dẹ fi ń ṣiṣẹ́ ló fi gbẹ́ sàréè ọmọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, òun àti ọ̀gágun kò kí ara wọn mọ́. Bí wọ́n bá jókòó nínú ìgbìmọ̀, tọ̀tún tòsì ni kálukú ń jókòó sí, gbogbo orílẹ̀-èdè ló sì mọ ìdí rẹ̀.

Ogun parí, àwọn òṣìṣẹ́ borí. Kò pẹ́ sí i ni alága ìgbìmọ̀, ẹni tó kó wọn jọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kú. Ẹni méjì ló kù tó lè gba ipò rẹ̀, ọ̀gágun àti akọ̀wé àgbà. Akọ̀wé kì í pariwo. Ohùn rẹ̀ tutù, ó mọ orúkọ ìyàwó àti ọmọ gbogbo ènìyàn, ó sì ti rọra fi àwọn tirẹ̀ sí gbogbo ọ́fíìsì. Síbẹ̀, ó mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ọ̀gágun ni ọkàn àwọn ará ìlú wà. Nítorí náà ó gbé ẹ̀sùn dìde. Ó ní ọ̀gágun ti dalẹ̀. Ó ní nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́, ìránṣẹ́ ọba wá bá a lẹ́bàá afárá kan, pé ó gba àpótí wúrà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ṣèlérí pé òun á dá ọba padà sórí ìtẹ́. Kíá ni wọ́n ti kó àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gágun sẹ́wọ̀n. Ikú ni ìjìyà ọ̀dàlẹ̀ lórílẹ̀-èdè náà.

Lóòótọ́ ni ìránṣẹ́ náà wá. Alágbẹ̀dẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń tún afárá tí bọ́ǹbù bà jẹ́ ṣe. Ó fi ojú ara rẹ̀ rí i bí ọ̀gágun ṣe fi ẹsẹ̀ ta àpótí náà sódò, tó sì ní kí ìránṣẹ́ náà lọ sọ fún ọba pé kò sí ìtẹ́ mọ́. Àwọn yòókù tó rí i ti kú sójú ogun. Alágbẹ̀dẹ nìkan ló kù.

Ìdí nìyẹn tí akọ̀wé fi wá sílé rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ṣí fìlà, ó tún bá tọkọtaya náà kẹ́dùn ọmọ wọn.

Ó wá ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ wà níbi afárá. Ọ̀rọ̀ kan péré lẹ́nu yín ti tó."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Pé ó gba wúrà."

"Kò gbà á."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó gba ẹ̀mí ọmọ yín. Ṣé wúrà ló wá ṣòro fún un láti gbà? Bàbá, ẹ rò ó. Àga tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi ṣófo, mi ò sì rí ẹlòmíràn tó yẹ ẹ́."

Ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ.

Kí n má tàn ọ́, ọ̀rọ̀ náà wọ alágbẹ̀dẹ lára. Ó ń fojú inú wo ọ̀gágun tí wọ́n dè lọ́wọ́ sẹ́yìn, ó sì dùn mọ́ ọn. Ó dùn mọ́ ọn débi pé ẹ̀rù ara rẹ̀ bà á. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀ tó ń bó ọ̀dùnkún nídìí ààrò.

"Ìyá Mílénà, o ò sọ nǹkan kan."

Obìnrin náà kò gbójú sókè. "Mi ò ní dárí ji ọkùnrin yẹn láéláé. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ dá a lẹ́jọ́ nítorí ọkọ̀ àlìkámà yẹn, ẹsẹ̀ ni mo máa fi rìn lọ jẹ́rìí." Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ikú ọmọ mi purọ́, Bàbá Mílénà, mi ò ní dárí ji ẹ̀yin náà."

Lọ́jọ́ ìpàdé, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ọ̀gágun nìkan ló dá jókòó lórí bẹ́ǹṣì gígùn kan, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n rí òun nítòsí rẹ̀. Akọ̀wé pe alágbẹ̀dẹ. Ó dìde. Ó di àga iwájú rẹ̀ mú.

Ó ní, "Ẹ̀yin ará, ẹ mọ ohun tí ọkùnrin yìí fi ojú mi rí. Ó gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ mi, ọmọ mi sì kú. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò fẹ́ kó ṣe alága wa, torí kì í gbọ́ tẹnìkan. Bí ẹ bá ní ká dìbò, mi ò ní dìbò fún un. Ṣùgbọ́n mo wà níbi afárá lọ́jọ́ náà. Kò gba wúrà. Ẹsẹ̀ ló fi ta á sódò. Ọ̀gágun kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀."

Akọ̀wé rọra ní, "Bàbá, ẹ rò ó dáadáa."

"Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ tí ẹ ti wá bá mi nílé."

Ariwo sọ. Àwọn ènìyàn ń wo ojú ara wọn, wọ́n ń bi ara wọn léèrè ohun tí akọ̀wé lọ ṣe nílé ẹlẹ́rìí. Ká ní ẹlòmíràn ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn ni, wọn ì bá ní ọ̀rẹ́ ló ń gbèjà ọ̀rẹ́. Ta ló lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa alágbẹ̀dẹ? Wọ́n dìbò. Akọ̀wé ló di alága, torí àwọn èèyàn rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn ọ̀dàlẹ̀ kò dúró. Kàkà kí wọ́n pa ọ̀gágun, wọ́n lé e lọ sí ibodè, wọ́n sì tú àwọn tó wà lẹ́wọ̀n nítorí rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ẹnu ọ̀nà, ọ̀gágun dúró níwájú alágbẹ̀dẹ. Ó ní, "Kí lorúkọ ọmọ náà?"

"Mílénà ni."

Ọ̀gágun ṣí fìlà, ó tẹrí ba, ó sì lọ. Wọn kò bọ ara wọn lọ́wọ́.

Wọ́n yọ alágbẹ̀dẹ kúrò nínú ìgbìmọ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ kékeré kan níbi tí ojú irin parí sí, ibẹ̀ ló sì ti lo ìyókù ayé rẹ̀. Lọ́dọọdún ni alága tuntun ń fi ẹ̀sùn kan náà mú àwọn tó gbé e dépò, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó dìde fún wọn. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tó ti di àgbẹ̀ wá sílé alágbẹ̀dẹ pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ obìnrin.

Ó ní, "Bàbá, mo wà lẹ́wọ̀n lọ́jọ́ tí ẹ sọ̀rọ̀. Wọ́n ti yan ọjọ́ tí wọ́n máa pa wá. Wọ́n bí ọmọ yìí lẹ́yìn tí mo délé."

Ìyàwó alágbẹ̀dẹ na ọwọ́, ó gbé ọmọ náà sórí ẹsẹ̀, kò sì gbé e sílẹ̀ títí àwọn àlejò fi ní àwọn ń lọ.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, mo gbọ́ pé wọ́n ti wá bá ìwọ náà. Wọ́n ní kí o kàn fọwọ́ sí i pé ẹni tí ẹ jọ ń du ipò nínú ẹgbẹ́ yín jalè, ìwọ sì mọ̀ pé kò jalè. Mo mọ ohun tó ti ṣe sí ọ. Mi ò ní kí o gbàgbé, mi ò ní kí o dìbò fún un. Sọ ìwà rẹ̀ tí kò dára ní gbangba, kí o sì bá a jà tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ lọ́la, tí gbogbo wọn ń retí irọ́ náà lẹ́nu rẹ torí wọ́n mọ̀ pé o kórìíra rẹ̀, dìde, kí o sọ ohun tí ojú rẹ rí.