Ọmọ Tó Wo Àgbà Lójú

Nílé olúkúlùkù wa, ọmọ tó bá ranjú mọ́ àgbà, ìyá rẹ̀ là ń bú. Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń fi ọ̀rọ̀ kan yangàn ní ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì Òkè-Agbede, pé ọmọ tó wo àgbà lójú ló ń délé? Ta ló kọ́kọ́ gbóyà sọ ọ́?

Bí a bá ní ká máa fura, Ọ̀mọ̀wé Láṣebìkan ni à bá fura sí kẹ́yìn. Olùkọ́ ìtàn ni, ẹ̀kọ́ ilé sì ṣe iyebíye lójú rẹ̀ ju ìwé ẹ̀rí lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wò ó lójú, a ní, "Ṣé mo jọ ẹgbẹ́ rẹ ni?" Kò pẹ́ tí bíbọ̀wọ̀ fún un fi dàṣà: bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti yọ, ọkùnrin a tẹríba, obìnrin a tẹ orúnkún, ojú gbogbo wọn a sì wà nílẹ̀. Orí rẹ̀ a máa wú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìbíyẹmí, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, bọ́ sórí ìlà funfun tí wọ́n kùn sójú títì níwájú ilé ìkàwé, níbi tí àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ti ń sọdá. Ó rí ọkọ̀ olùkọ́ rẹ̀. Ó dorí kodò, ó tẹ orúnkún, ó sì ń lọ, torí ó gbà pé ẹni tí òun kí ti rí òun. Láṣebìkan kò rí i. Fóònù tó ń dún lórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń wò. Kí ó tó tẹ bíréèkì, imú ọkọ̀ ti gbá ọmọ náà, eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣẹ́.

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ sí ọsibítù. Níbẹ̀ ló ti bi í léèrè ìdí tí kò fi wò bóyá òun máa dúró.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀yin lẹ ní ẹni tó bá ń wò yín lójú kò lẹ́kọ̀ọ́."

Láṣebìkan jẹ́wọ́ fáwọn aláṣẹ pé òun lòun jẹ̀bi, láti ọjọ́ náà ni fóònù rẹ̀ sì ti ń wà nínú búùtù bó bá ń wakọ̀. Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Àwọn ọmọ tó kọ́ ṣì ń dorí kodò sọdá níwájú àwọn awakọ̀ mìíràn. Ẹni tó ń wolẹ̀ kò lè mọ̀ bóyá awakọ̀ rí òun; awakọ̀ tí ojú rẹ̀ kò sì bá tẹni tó ń sọdá pàdé, kò lè búra pé òun rí i.

Nígbà tí Ìbíyẹmí padà wá, ọ̀pá ló fi ń rìn, bàbá rẹ̀ sì sìn ín wá. Wọ́n dé ìlà funfun náà, ọkọ̀ Láṣebìkan sì dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Ọmọ náà wolẹ̀. Ọkọ̀ kò kúrò. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè. Ọlọ́kadà kan ń béèrè bóyá bàbá inú ọkọ̀ yìí ló ra títì. Láṣebìkan yọ orí síta.

"Ìbíyẹmí, mi ò ní lọ, ìwọ náà má lọ, àfi tó o bá wò mí."

Díẹ̀díẹ̀ ni ọmọ náà gbé ojú sókè, ojú rẹ̀ sì bá ti olùkọ́ pàdé gbọnrangandan. Láṣebìkan mi orí sí i pé kó sọdá. Ni Ìbíyẹmí bá gbé ọ̀pá rẹ̀ lé ìlà funfun, ó gbé àyà sókè, ó sì rìn bí ẹni tó ni ọ̀nà.

Ìtìjú bá bàbá rẹ̀. "Olùkọ́ rẹ lo ranjú mọ́ báyẹn? Ṣé bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn?"

Láṣebìkan sọ̀ kalẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún un gbalaja lójú gbogbo ọkọ̀ tó tò sẹ́yìn.

"Ẹ tọ́ ọ dáadáa, bàbá. Bó bá sọdá tán, kó kí wa. Ṣùgbọ́n lójú títì, ọmọ tó wo àgbà lójú ló ń délé."