Ta Ló Ni Ike Ìpara?
Irú ìrẹ́jẹ wo ni kéèyàn ta ìpara, kó gbowó ẹ̀, kó tún ní òun lòun ni ike? Ojú ò ti Olóyè Ṣówándé, olówó tó ń ṣe ìpara nílùú wa! Nígbà tó gbọ́ pé Ìbídùn tó ń ta òrí ń bu òrí kún inú ike ìpara rẹ̀ tó ti tán fún àwọn obìnrin, tó tún ń fi ènì sí i, ó ránṣẹ́ pè é. Ó ní, “Orúkọ mi ló wà lára ike yẹn, èmi ni mo ni gbogbo ẹ̀. Kó gbogbo wọn wá fún mi lọ́la láìku ẹyọ kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, n ó lé ọ kúrò nílùú.” Ìbídùn kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé, bàbá.” Ó wá kígbe káàkiri àdúgbò pé ẹni tó ni ike ti yọjú o, kí kálukú dá a padà fún un. Wọ́n kó o nínú gọ́tà, wọ́n kó o lórí ààtàn, wọ́n kó o nínú odò tòun ti ẹrẹ̀, wọ́n dà á sẹ́nu géètì Olóyè títí mọ́tò rẹ̀ ò fi rọ́nà jáde. Ibẹ̀ ni wolé-wolé bá wọn. Ó ní, “Ta ló ni ẹ̀gbin yìí, kó tẹ̀ lé mi lọ sí kóòtù?” Olóyè lọgun pé, “Kì í ṣe tèmi o! Ẹni tó bá ra ìpara ló ni ike!” Ìbídùn ní, “Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ gbọ́? Ẹ lọ fọ ike yín, kí ẹ máa gbé e bọ̀.” Ìyàwó Olóyè ló kọ́kọ́ dé, omi ṣì ń kán lára ike ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ìbídùn, bù ú kún, má sì gbàgbé ènì mi o.”