Igi Abẹ́fẹ́ àti Ẹyẹ Ẹlẹ́nu-dòjé

"Ẹlẹ́nu-dòjé kì í gbé ẹsẹ̀ síbi tí ẹnu rẹ̀ kò tíì dé." Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà, ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá? Ẹyẹ náà fúnra rẹ̀, ẹ ó ti rí i rí lẹ́bàá odò. Ara rẹ̀ funfun. Orí àti ọrùn rẹ̀ pá, wọ́n dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹnu rẹ̀ gùn, ó tẹ̀ bí dòjé. Kì í fi ojú wá oúnjẹ nínú ẹrẹ̀. Ẹnu ló fi ń wá a, bí ẹni tí ń fi ọwọ́ wá abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn.

Ní abúlé Ìsàlẹ̀-Odò, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí omi fà sẹ́yìn, ilẹ̀ àkùrọ̀ a hàn síta. Kò sẹ́ni tó ni ín. Ọdọọdún ni wọ́n ń pín in, igi ni wọ́n sì fi ń pín in. Ilé kọ̀ọ̀kan a mú igi kan wá, ìyàwó ilé ni yóò rù ú. Ibi tí igi bá kọ́kọ́ gún, ibẹ̀ ni oko ilé náà lọ́dún yẹn. Kò sí àtúngún. Bó bá bọ́ sórí iyanrìn, iyanrìn ni wọn yóò máa ro.

Ní èṣí, iyanrìn ló bọ́ sí Abẹ́fẹ́ àti Ọyáwálé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Iṣu igbó ni wọ́n jẹ títí ọdún fi yí. Abẹ́fẹ́ ti ń súnmọ́ àádọ́ta ọdún, àyà rẹ̀ sì máa ń já. Bí ewé bá mì, á wẹ̀yìn. Láàárọ̀ ọjọ́ ìpín, gbogbo ilé tò sí etí bèbè, wọ́n ń wo ilẹ̀ dúdú kan tó ń dán níwájú. Abẹ́fẹ́ kò wo ilẹ̀. Àwọn ẹlẹ́nu-dòjé ló ń wò. Wọ́n á gún ẹrẹ̀, wọ́n á gbé ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dé etí ilẹ̀ dúdú yẹn, ẹnu wọn á rì dé ojú. Wọ́n á yí padà.

"Bàbá Ládùn," ló wí, "ẹ má tíì lọ. Àwọn ẹyẹ wọ̀nyí ò débẹ̀ o."

Ọyáwálé bú sẹ́rìn-ín. "Ẹyẹ ni yóò wá yan oko fún mi? Ìyá Ládùn, ẹ̀rù tìrẹ yìí, bó bá jẹ́ iṣu ni, ebi ò ní í pa wá mọ́ láéláé."

Fátókí, aládùúgbò wọn, gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Ẹ jẹ́ kó bi wọ́n léèrè, bóyá wọ́n á bá wa gbìn ín pẹ̀lú!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọyáwálé sì ti ń sáré, kí Fátókí má baà ṣáájú rẹ̀. Ó dé àárín ilẹ̀ dúdú. Ó yíjú. "Gbé igi wá!" Kò tíì pa ẹnu dé tí ẹrẹ̀ fi gba orúnkún rẹ̀. Ó fa ẹsẹ̀ kan, èkejì rì sí i. Ó dé ìbàdí. Igbe tó ké lé gbogbo ẹyẹ dìde, wọ́n fò lọ pẹ̀lú ariwo. Kò wá ku ọ̀kan tí èèyàn lè tẹ̀lé.

Àwọn ọkùnrin dúró. Igi wà lọ́wọ́ ilé gbogbo, àmọ́ ta ni yóò fi tirẹ̀ gún etí bèbè, kí oko ọdún kan bọ́ sórí iyanrìn? Igi mìíràn kò sí nítòsí, koríko lásán ni. Abẹ́fẹ́ wo igi tirẹ̀. Ó gbé e sókè.

"Ìyá Ládùn, ẹ rò ó o!" Fátókí kígbe. "Bó bá ti gún, ó ti gún nìyẹn! Orí iyanrìn lẹ wà!"

"Mo mọ̀."

Ó gún un.

Ibẹ̀ le, ó gbé ẹsẹ̀ síbẹ̀. Ó gún iwájú, igi rì dé ọwọ́. Ó yà fún un. Ó gún ọ̀tún, ó le. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ, ó tẹ̀ síwájú, ó na ọrùn. Ọkọ rẹ̀ ń pariwo pé kó sáré. Kò sáré. Àyà rẹ̀ ń já, síbẹ̀ kò gbé ẹsẹ̀ kan tí igi kò kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Nígbà tó fi na igi sí Ọyáwálé, ẹrẹ̀ ti mú un ní àyà. Ọkùnrin náà dì í mú. Agbára Abẹ́fẹ́ nìkan kò ká a. Ìgbà yẹn ni Fátókí àti àwọn yòókù gba ipa ẹsẹ̀ obìnrin náà wọ inú ẹrẹ̀, tí wọ́n di ara wọn ní ìbàdí mú, tí wọ́n fi fà á yọ.

Ọyáwálé jókòó sí bèbè, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó wo iyanrìn tí igi ti kọ́kọ́ gún.

"Ìyẹn náà ni oko wa?"

"Òun ni," ni Abẹ́fẹ́ dáhùn. "Ẹ ó ro ó."

"Màá ro ó."

Abúlé kò yí òfin padà nítorí wọn. Iṣu igbó ni wọ́n tún jẹ lọ́dún náà, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ jẹ ẹ́. Àwọn tó kọ́kọ́ fi Abẹ́fẹ́ ṣẹ̀sín ló padà ń pè é ní Ẹlẹ́nu-dòjé. Ẹnu wọn ni òwe náà ti jáde.

Nítorí náà, bí àgbà bá rí ẹni tó fẹ́ fọmọ fọ́kọ nílé tí kò wádìí, tàbí ẹni tó fẹ́ bá àjèjì dòwò pọ̀ lójú ọ̀nà, á ní, "Ẹlẹ́nu-dòjé kì í gbé ẹsẹ̀ síbi tí ẹnu rẹ̀ kò tíì dé." Wọn kì í pa á fún ẹni tó kọ̀ láti jáde nílé. Inú ẹrẹ̀ ni ẹyẹ yẹn ti ń jẹun.