Àdó Aáṣáà Tó Ń Rẹ́rìn-ín

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ sún mọ́ mi, kí ẹ di ara yín mú, ẹ̀rù wà nínú ti òní. Ààlọ́ mi balẹ̀ gbì, ó balẹ̀ sórí Ọnàwùmí afíngbá àti Àwẹ̀ró ọmọbìnrin rẹ̀.

Iṣẹ́ Ọnàwùmí ni kí ó máa fín ọnà sára àdó, igbá kékeré tí àwọn ìjòyè ń rọ aáṣáà sí. Bí ìjòyè bá mú àdó rẹ̀ jáde láwùjọ, gbogbo ojú á lọ sí ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ kan wà: afíngbá kò gbọdọ̀ fín ojú sí àwòrán ohun ẹlẹ́mìí. Ọnàwùmí mọ̀ ọ́n. Ìyìn ló ń pa á bí ọtí.

Lọ́jọ́ kan, àlejò kan jáde láti inú igbó, imú rẹ̀ gùn dé àyà. Iwin ni! Ó ní kí Ọnàwùmí fín àkùkọ tó ń sìn nílé sára àdó fún òun. Ó fín in, kírí, kírí, kírí.

Iwin ní, "Ó dára, ṣùgbọ́n kò ríran. Ṣé ibi tí ọwọ́ rẹ mọ nìyẹn?"

Inú bí Ọnàwùmí, ó fín ojú sí i. Iwin mú àdó lọ. Kó tó dìrọ̀lẹ́, a ò rí àkùkọ mọ́. Wọ́n ní àwòdì ló gbé e.

Iwin tún gbé àdó náà padà wá. Ó ní kí ó fín ewúrẹ́ rẹ̀ sí i, tojú tojú. Kírí, kírí, kírí. Kó tó dìrọ̀lẹ́, okùn wà lára èèkàn, ewúrẹ́ ò sí níbẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Àwẹ̀ró, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Àyà mi ń já."

Iwin dé lẹ́ẹ̀kẹta. "Ó ku ẹni tí o fẹ́ràn jù. Fín in níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín, gbogbo ayé á mọ̀ pé kò sí irú rẹ."

Ẹ̀yin ọmọ, ìyìn tún pa Ọnàwùmí bí ọtí, ó fín Àwẹ̀ró! Bó ṣe fi ojú kejì sí i báyìí, Àwẹ̀ró tó ń gbálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pòórá. Ìgbálẹ̀ ṣubú, pàà. Iwin gba àdó, ó wọ igbó lọ. Orin ń ti inú àdó jáde. Ẹ bá mi gbè é:

Bàbá ló fín mi o,
*Kínrínjín!*
Ó fín mi lẹ́nu,
*Kínrínjín!*
Ó fín mi lójú,
*Kínrínjín!*
Inú òkùnkùn ni mo wà,
*Kínrínjín!*

Ọnàwùmí bú sẹ́kún. Ṣùgbọ́n ó rántí pé afíngbá ló ń bu aáṣáà àkọ́kọ́ sínú àdó tuntun, ẹni tó ni àdó kò sì gbọdọ̀ kọ̀ ọ́. Ó lọ aáṣáà, ó lọ ata wẹ́wẹ́ mọ́ ọn, ó sáré wọ igbó. Ó tẹ̀lé orin náà títí ó fi bá iwin.

Ó ní, "Mo mú ẹ̀tọ́ àdó yín wá."

Iwin ṣí ìdérí, Ọnàwùmí bù ú sí i. Iwin gbé àdó sídìí imú gígùn náà, ó fà á, fììììn.

Hàtíṣìn! Àkùkọ fò jáde.

Hàtíṣìn! Ewúrẹ́ bẹ́ jáde.

Hàtíṣìn! Àwẹ̀ró ṣubú sọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

Iwin yára pa ìdérí dé, pó! Ó sá lọ tòun ti àdó.

Wọ́n délé, inú ìyá dùn, ó dá àpárá tó máa ń pa ọmọ rẹ̀ lẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró la ẹnu. Kò sí ohùn. Láti inú àdó tó wà nínú igbó lọ́hùn-ún ni wọ́n ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀: kèé, kèé, kèé.

Ọnàwùmí gbé ọ̀bẹ ọnà rẹ̀ sílẹ̀, kò fọwọ́ kàn án mọ́.

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ nìyí, ẹ̀yin ọmọ mi: bí ẹnikẹ́ni bá ń yìn yín kí ẹ lè ṣe ohun tí kò yẹ, ẹ wo ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín. Kò sí iṣẹ́ ọnà tó tó ẹ̀rín ọmọ. Bí mo bá purọ́, kí n sín lẹ́ẹ̀mẹta níwájú yín báyìí.

Ẹ dákẹ́, ẹ gbọ́ ná. Ṣé mo sín?