Àkísà Tó Mú Olè Ewúrẹ́

Mo fi irin kan ẹnu búra: ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ gan-an. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kí ó dìde, kí ó fẹsẹ̀ rìn dé Òkè-Ìgbín lọ béèrè, bí orúnkún rẹ̀ bá gbà fún un.

Láyé àwọn akódà, Láoyè ni àgbà wọn ní Òkè-Ìgbín. Aṣọ kákí mẹ́ta ló ní. Mẹ́ta náà ni Baálẹ̀ dá fún Ìṣọ̀lá, akódà tuntun tí wọ́n fà lé e lọ́wọ́ pé kó kọ́ níṣẹ́. Ti Ìṣọ̀lá ń dán, sítáàṣì mú un gan bí pákó. Ti Láoyè ti ṣá. Òmíràn tó ti wọ̀ gbó kí mẹ́ta yìí tó dé, ó fà á ya, ó fi ń nu òógùn, ó ń gbé e kọ́ èjìká kiri.

"Bàbá, a ti dọ́gba," ni Ìṣọ̀lá máa ń wí. "Mẹ́ta mẹ́ta."

"A dọ́gba," ni Láoyè á fèsì. "Lọ bu omi wá fún mi."

Nígbà tó yá, àwọn ọmọ ewúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá nílùú. Ìṣọ̀lá ló ń ṣọ́ ẹnubodè. Baálẹ̀ pè é, ó ní bí kò bá mú olè náà kí ọjà tó ń bọ̀ tó tú, kó bọ́ kákí sílẹ̀, kó padà sóko bàbá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ti ń pe ara rẹ̀ ní ìyàwó akódà káàkiri ìlú.

Lọ́jọ́ ọjà, Ìṣọ̀lá dúró, ó ń tú ẹrù. Ó tú agbọ̀n, ó tú àpò, ó tú àgò adìẹ kan, gbogbo adìẹ fọ́n ká.

"Ṣé kí n lanu," ni bàbá eléèlùbọ́ kan bi í, "kí o wò ó bóyá mo gbé ewúrẹ́ mì?"

Láoyè wà lórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó ní, "Àwọn wo lo ò tíì tú?"

"Àwọn abiyamọ ni, Bàbá. Ta ló ń tú ọmọ ọlọ́mọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀?"

"A ò ní í tú wọn. Ọmọ ló máa tú ara rẹ̀. Gba àkísà yìí, máa nà án sí wọn bí wọ́n bá ń kọjá. Òógùn mi ti sọ ọ́ di iyọ̀, ewúrẹ́ ò sì lè rí iyọ̀ kó mójú kúrò."

Ìṣọ̀lá gbóòórùn rẹ̀, ó yímú. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, èmi náà láṣọ."

Obìnrin kan ń bọ̀, ó pọn ọmọ, ó fi ọ̀já bò ó lórí. Ìṣọ̀lá kí i pé, "Ẹ kú ọwọ́ lómi," ó sì na apá kákí tirẹ̀ sẹ́yìn obìnrin náà. Ọmọ ò mira. Obìnrin náà dáhùn dáadáa, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Ó dé ọ̀dọ̀ Láoyè. Bàbá ò dìde, ó kàn gbé àkísà sókè.

Ọ̀já mì. Etí gígùn méjì yọ, ẹnu tẹ̀lé e, ó gbá àkísà mú, ó ń jẹ ẹ́ wọ̀mùwọ̀mù. Èèpo iṣu tí ìyá rẹ̀ kì sínú ọ̀já láti fi pa á lẹ́nu mọ́ já bọ́ sílẹ̀.

Obìnrin náà bojú wẹ̀yìn.

"Bàbá rẹ̀ ló jọ," ló wí.

Ẹ̀rín pa bàbá eléèlùbọ́ débi pé ó sọ ẹrù kalẹ̀. Ìṣọ̀lá mú obìnrin náà, obìnrin náà sì mú àwọn akódà lọ síbi tó so àwọn ewúrẹ́ yòókù mọ́. Ọjà kò tíì tú tí Baálẹ̀ fi ní kí Ìṣọ̀lá máa wọ kákí rẹ̀ lọ.

Nígbà tí Láoyè máa fi bá Ìṣọ̀lá lẹ́yìn ilé ẹjọ́, ó ti fi ọ̀bẹ ya ọ̀kan nínú aṣọ tuntun náà dé àyà.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Mo fẹ́ ní àkísà tèmi, Bàbá."

Láoyè gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. "Aṣọ tuntun tó ya lèyí. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà." Ó ní ebi ń pa òun, ó bá ọ̀nà ilé lọ, kò sì tún dá sí ọ̀rọ̀ náà mọ́ títí ó fi kú.

Ibẹ̀ làwọn àgbà ti mú un, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé: Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.